Ìwé Ẹ̀tọ́ Tí Kò Kan Àwọn Ọmọ: Ìtàn Ilé Namatjira

Ẹni tó ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á tú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ohun tí mo sọ lórí ètò gan-an la kọ sílẹ̀ yìí, "ṣé ẹ gbọ́" tó pọ̀ jù nìkan la yọ kúrò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwòrán kan gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú obìnrin kan ni, ojú náà wú, ẹnu rẹ̀ ro wálẹ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó. Gina Rinehart ni obìnrin ọ̀hún, ọ̀kan lára àwọn tó lówó jù lọ ní Ọsirélíà, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń wa irin nínú ilẹ̀. Ìròyìn gbé e pé ó ní kí ilé ìpàtẹ àwòrán orílẹ̀-èdè wọn ní Canberra yọ àwòrán náà kúrò lára ògiri. Wọ́n kọ̀. Ẹ mọ bí ayé wa ṣe rí: ohun tí ẹnì kan ní kí wọ́n má wò, òun ni gbogbo ayé á yà sí fóònù. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Canberra rí ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èmi náà fi ránṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni mo wo orúkọ ẹni tó ya á. Vincent Namatjira. Bí mo ṣe tẹ orúkọ yẹn, bàbá ńlá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde sí mi, ọkùnrin dúdú kan tó wọ fìlà pẹlẹbẹ, tó jókòó sórí ilẹ̀ pupa, tó sì di búrọ́ọ̀ṣì mú. Albert Namatjira. Mo ka ìtàn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìtàn ọkùnrin tí ìjọba fún ní ẹ̀tọ́ tí wọn ò fún àwọn ọmọ rẹ̀, àti ohun tí ẹ̀tọ́ yẹn fi ilé rẹ̀ ṣe. Òun ni mo gbé wá lónìí.

Ẹ fojú inú wo máàpù Ọsirélíà. Ẹ fi ìka sí àárín gbùngbùn rẹ̀ gan-an. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Alice Springs. Bí ẹ bá kọrí sí ìwọ̀ oòrùn nǹkan bí 125 kìlómítà, ẹ ó dé Ntaria, ibi tí àwọn òyìnbó sọ ní Hermannsburg. Ilẹ̀ pupa ni, òkè rẹ̀ gùn bí ẹ̀yìn ẹran tó dùbúlẹ̀, odò tó gba ibẹ̀ kọjá sì jẹ́ iyanrìn lásán lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Àwọn Arrernte ló ni ilẹ̀ náà. (Ẹ pè é ní Àrándà, ẹ ò ní jìnnà jù.) Láti ayébáyé ni wọ́n ti wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Ní 1877, àwọn ajíhìnrere ìjọ Luther láti Jámánì dé, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìyẹ̀fun àti ṣúgà fún àwọn èèyàn.

Ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1902 ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Elea ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Namatjira, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Ljukuta. Nígbà tí ilé náà gba ìrìbọmi, Elea di Albert. Láti ibẹ̀ lọ, ayé méjì ló ń gbé nígbà kan náà. Ó ń kọ orin ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sùn nínú ilé tí míṣọ́ọ̀nù kọ́ fún àwọn ọmọdé. Nígbà tó tó ọmọ ọdún 13, àwọn àgbà Arrernte mú un wọ inú igbó, wọ́n ṣe fún un ohun tí wọ́n ń ṣe kí ọmọkùnrin tó di ọkùnrin, wọ́n sì fi ìtàn ilẹ̀ náà lé e lọ́wọ́: òkè wo ni ti ìran bàbá rẹ̀, ibi wo ni ti ìyá rẹ̀, ohun tí ẹni tó bá ni òkè gbọ́dọ̀ ṣe fún òkè. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó máa tó wúlò.

Nígbà tó di bí ọmọ ọdún 18, ìfẹ́ mú un. Ilkalita ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ará Kukatja tó múlé gbè wọ́n. Wàhálà dé. Láàárín àwọn Arrernte, inú ìsọ̀rí ni wọ́n ń bí ọmọ sí, ìsọ̀rí yẹn ló sì ń sọ ẹni tó lè fẹ́. Ti àwọn méjèèjì kò bára mu. Wọ́n fẹ́ra wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kúrò nílé. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ọ̀dọ́kùnrin yìí ń da ràkúnmí fún àwọn olówò káàkiri aṣálẹ̀. Ó mọ ojú ọ̀nà, ó mọ kànga, ó mọ àwọ̀ tí òkè máa ń ní nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ní 1923, wọ́n gbà wọ́n padà sílé. Ilkalita náà ṣe ìrìbọmi, ó di Rubina.

Mo dúró díẹ̀ lórí èyí nítorí pé àwọn tó ń sọ ìtàn Albert máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Òfin ilé rẹ̀ lé e jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ilé rẹ̀ náà ló ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tó yá. Òfin kejì tó pàdé níwájú kò ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ọ̀dá dá ní Ntaria fún ọdún bíi mélòó kan. Omi gbẹ, ewébẹ̀ tán, àìsàn tó máa ń mú ẹni tí kò rí èso tàbí ẹ̀fọ́ tútù jẹ wọ ìlú. Ọmọdé ló kú jù. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní Melbourne, Una àti Violet Teague, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ayàwòrán, gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n pàtẹ àwòrán, wọ́n tà á, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ṣe ìrànwọ́ láti fa omi láti ìsun Kaporilja wá sí ìlú. Ní 1935 omi dé. Mi ò ní sọ pé àwòrán ló gba ìlú náà là, ṣùgbọ́n àwọn tó mu omi yẹn mọ̀ pé àwòrán lè di owó, owó á sì di páìpù.

Albert ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Alice Springs ní 1929, àwọn àlejò sì ń wá wòran. Ó ń gbẹ́ búmáráǹgì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọdẹ, ó ń fi irin gbígbóná ya ẹranko sára pákó, ó ń tà á fún wọn. Lẹ́yìn náà ni Rex Battarbee dé. Òyìnbó ni, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì ń fi ọ̀dà olómi ya òkè àti igi. Ó pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Ntaria ní 1934. Àwọn èèyàn wò ó, ó yà wọ́n lẹ́nu: òkè àwọn fúnra wọn rèé lórí bébà. Albert béèrè iye tí òyìnbó yìí ń rí lórí ọ̀kan. Nígbà tó gbọ́, ó ní òun náà lè ṣe é.

Ní 1936, wọ́n ṣe àdéhùn: Albert á da ràkúnmí Battarbee, Battarbee á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà. Nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi rìn káàkiri òkè. Ẹ jọ̀ọ́, oṣù méjì! Ní 1938, ìpàtẹ tirẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní Melbourne, àwòrán 41. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti tà.

Ohun tó wà nínú àwọn àwòrán yẹn? Igi ghost gum kan níwájú, èèpo rẹ̀ funfun bí ẹfun; ilẹ̀ pupa lẹ́yìn rẹ̀; òkè aláwọ̀ àlùkò àti aró ní ọ̀ọ́kán. Àwọn ará Sydney àti Melbourne, tí etí òkun ni wọ́n ń gbé, kò mọ̀ pé àárín orílẹ̀-èdè wọn ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n fi kọ́ sí pálọ̀ káàkiri. Àwọn alámèyítọ́ kan ní ìlú ńlá yínmú sí i. Wọ́n ní àwòrán òyìnbó ni, pé ọmọ dúdú kàn ń sín òyìnbó jẹ ni. Mo ti wo ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí fóònù mi, mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn òkè tó ń yà léraléra yẹn, Rwetyepme tí òyìnbó ń pè ní Mount Sonder, àti àwọn àfonífojì tó yí i ká, ilẹ̀ tí àwọn àgbà fi ìtàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nínú igbó ni. Ẹni tó bá ni òkè ń bójú tó òkè. Ohun tí òyìnbó rò pé ìran ojú lásán ni, ìwé ilẹ̀ ni lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní 1944, orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ Ọsirélíà sí, òun sì ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Ó ra ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, Enos, Oscar, Ewald, Keith àti Maurice, gbogbo wọn ló kọ́ iṣẹ́ náà, àwọn ẹbí àti alájọgbé sì kọ́ ọ pẹ̀lú.

Àmọ́ o, láàárín àwọn Arrernte, ohun tó bá wọlé sọ́wọ́ ẹnì kan, ti gbogbo ẹbí ni. Kò sí pé mo ní, mi ò ní fún ọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ ń gba owó oṣù nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbà á rí, mi ò ní láti ṣàlàyé èyí fún yín. Wọ́n ní iye èèyàn tí Albert ń bọ́ tó 600. Àwọn òyìnbó kan ń káàánú rẹ̀ pé àwọn ẹbí ń jẹ ẹ́ run. Bóyá. Lójú tèmi, bí ó bá ti ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn, ipò rẹ̀ láàárín wọn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wo bí ìjọba ṣe ń bá a ṣe. Ó béèrè ìwé àṣẹ kí ó lè da màlúù lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Wọn ò fún un. Ní 1951, ó fẹ́ kọ́lé sí Alice Springs. Wọn ò gbà. Ilé iṣẹ́ owó orí ní tiwọn kò kọ owó rẹ̀ o. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ń san owó orí. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 1953 nígbà tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ládé, wọ́n sì gbé e lọ kí Ọbabìnrin ní Canberra ní 1954. Lẹ́yìn ìyẹn, ó padà sí àgọ́ kan lẹ́bàá Alice Springs, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Morris Soak, abẹ́ agbada àti páànù. Ní 1956, William Dargie, òyìnbó ayàwòrán, ya ojú rẹ̀, ó sì fi gba ẹ̀bùn Archibald, ẹ̀bùn tó lókìkí jù fún àwòrán ojú èèyàn ní Ọsirélíà. Ojú Albert gba ẹ̀bùn. Albert fúnra rẹ̀ kò lè kọ́lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ní 1953, ìjọba Northern Territory ṣe òfin tuntun. Ọlọ́gbọ́n ló kọ òfin yẹn, kò dárúkọ àwọ̀, kò dárúkọ ẹ̀yà. Ó kàn sọ pé ìjọba lè kéde ẹnikẹ́ni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò gẹ́gẹ́ bí ẹni abẹ́ àbójútó. Ta ni kò lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní 1957, wọ́n gbé ìwé orúkọ jáde, orúkọ tó lé ní 15,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà ní agbègbè náà. Àwọn èèyàn fi ìwé náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ìwé ẹran ọ̀sìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ni alágbàtọ́ rẹ̀. Òun ló lè sọ ibi tí á gbé. Ọtí ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀.

Nínú gbogbo ìwé yẹn, wọ́n yọ orúkọ àwọn èèyàn díẹ̀ tí kò tó mẹ́wàá. Albert àti Rubina wà lára wọn. Wọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè. Wọ́n lè dìbò, wọ́n lè gbé ibi tó wù wọ́n, wọ́n lè ra ọtí. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé.

Ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa. Bàbá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ọmọ jẹ́ ẹni abẹ́ àbójútó. Wọ́n jókòó sídìí iná kan náà. Bí bàbá bá ra ìgò ọtí kan, kò sí ohun tó ṣe. Bí ọmọ bá na ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá ti dẹ́ṣẹ̀. Òfin ilé ní kí o fún un. Òfin ìjọba ní bí o bá fún un, ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún Albert, ẹ̀tọ́ ẹni tó dá wà ni, ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni. Òun ní wọn rẹpẹtẹ.

Ní 1958, wọ́n pa obìnrin kan ní àgọ́ Morris Soak, ọtí sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe Albert ló pa á, àmọ́ àwọn aláṣẹ bá a wí pé òun ló ń gbé ọtí wọ àgọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wo? Pé ó fi ìgò ọtí sílẹ̀ lórí àga ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ Henoch Raberaba ti lè tó o. Ayàwòrán ni Henoch, ará Ntaria, ẹbí rẹ̀. Mo tún ẹ̀sùn yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé mi: ó fi ìgò sílẹ̀ níbi tí ẹbí rẹ̀ ti lè mú un.

Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n dá fún un. Ariwo ta káàkiri Ọsirélíà. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dín in kù sí oṣù mẹ́ta. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọn ò gbọ́ ọ. Paul Hasluck, mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ní kí wọ́n má fi í sẹ́wọ̀n gidi, kí ó lọ ṣe é ní Papunya, ibùdó kan tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Oṣù méjì ló lò níbẹ̀. Ìgbà tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1959, ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ló kú ní ilé ìwòsàn Alice Springs, àrùn ọkàn àti òtútù àyà. Ó ku díẹ̀ kó jẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Ẹni ọdún 57 ni.

Ní 1964, wọ́n fagi lé òfin náà, ìwé ẹran ọ̀sìn di bébà lásán. Ọdún márùn-ún péré. Papunya ní tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti í mọ́ yẹn, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà ya ìtàn ìran wọn sára pákó ní 1971, iṣẹ́ olámì tó-tò-tó tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí n tó lọ síbi tó ń dùn mí jù. Ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, bí èèyàn bá kú, àṣà ni pé kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà kan. Kódà ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú òkú, wọ́n á wá nǹkan míì máa pè é. Àwa ẹ̀wẹ̀, orúkọ òkú la fi ń ki ọmọ láàárọ̀. Torí náà, ẹ rò ó wò, bí ó ti rí lára ẹbí kan tí orúkọ bàbá wọn wà lórí káàdì ìkíni, lórí kàlẹ́ńdà, lára ògiri ilé àjèjì, tó sì jẹ́ pé owó orúkọ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní 1957, ọdún kan náà tí wọ́n sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè, Albert bá ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan, Legend Press, ṣe àdéhùn pé wọ́n lè máa tẹ àwòrán rẹ̀, kí wọ́n máa fún un ní 12.5 nínú 100 lórí ohun tí wọ́n bá tà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ogún òkú ló ń gba owó náà fún ẹbí. Ní 1983, ọ́fíìsì yẹn ta ẹ̀tọ́ àdàkọ gbogbo àwòrán náà pátápátá, kọ́píráìtì gan-an, fún Legend Press. Iye rẹ̀: dọ́là Ọsirélíà 8,500. Àwòrán bí ẹgbẹ̀wá, iṣẹ́ ayé ọkùnrin kan. Wọn ò bi ẹbí léèrè. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé nínú àìní ní àyíká Alice Springs, wọ́n ń ya irú òkè tí bàbá wọn yà, owó tí wọ́n ń rí lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ọ̀kan nínú àwòrán bàbá wọn sórí káàdì lásán, ẹlòmíràn ni wọ́n á tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin tó kú torí pé ó pín nǹkan fún ẹbí, ìjọba wá bá a rí i dájú pé ẹbí kò rí nǹkan pín.

Ẹbí náà kò dákẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá àwọn òṣèré kan ṣe eré orí ìtàgé nípa ìgbésí ayé rẹ̀, wọ́n gbé e káàkiri Ọsirélíà títí dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ṣe fíìmù nípa ìjà náà, tó jáde ní 2017. Fíìmù yẹn ló bọ́ sójú Dick Smith, oníṣòwò olówó kan, tí bàbá tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní Legend Press. Ó bá wọn dá sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Legend Press dá ẹ̀tọ́ náà padà fún àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ ẹbí. Iye tí wọ́n gbà: dọ́là kan. Smith fi dọ́là 250,000 ta àjọ náà lọ́rẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Northern Territory náà bá ẹbí yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n san owó tí wọn ò sọ iye rẹ̀ síta. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, iná ti jó àwọn igi ghost gum ìbejì tó wà nítòsí Alice Springs, igi tí Albert yà tó fi di olókìkí. Wọ́n fura pé ẹnì kan ló dáná sun ún. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé ohun àjogúnbá.

Vincent, ẹni tó ya Rinehart, ọdún 1983 ni wọ́n bí i. Ẹ ò ṣì gbọ́: ọdún tí wọ́n ta ogún bàbá ńlá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú ní 1991, ìjọba sì kó òun àti arábìnrin rẹ̀ lọ sọ́wọ́ alágbàtọ́ ní Perth, ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sílé. Àárín àjèjì ló dàgbà sí, èdè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò mọ ẹni tí Albert jẹ́. Ìgbà tó di ọmọ ọdún 18 ló padà sí Ntaria láti wá àwọn èèyàn rẹ̀. Ìgbà tó débẹ̀ ló gbọ́ ìtàn bàbá ńlá.

Nígbà tó yá, ó gbéyàwó, ó tẹ̀dó sí Indulkana ní ìhà gúúsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Ojú èèyàn ló yàn láàyò, kì í ṣe òkè. Ní 2014, ó ya ọ̀wọ́ àwòrán kan nípa ìgbésí ayé Albert láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilé ìpàtẹ ìjọba Queensland sì rà á. Ó máa ń ya Ọbabìnrin, ó máa ń ya àwọn olórí ìjọba, ó sì máa ń ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn bí ẹgbẹ́ wọn. Òun pẹ̀lú ní àwòrán tó fi orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ gbọ́n wọn lójú, ṣùgbọ́n èyí tó kọjá gbogbo rẹ̀ ni ti 2020. Ọdún yẹn ni Vincent gba ẹ̀bùn Archibald, pẹ̀lú àwòrán òun àti Adam Goodes, ọmọ onílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tí àwọn èrò ìworan fi ìhó lé kúrò nídìí eré. Láti 1921 ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn náà. Vincent ni ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní 1956, ojú Namatjira wà nínú férémù. Ní 2020, ọwọ́ Namatjira ló di búrọ́ọ̀ṣì.

Àwọn mọ̀lẹ́bí tó kù ṣì ń ya òkè. Ilé iṣẹ́ ọnà kan wà ní Alice Springs tó ń jẹ́ Iltja Ntjarra, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ọwọ́ púpọ̀". Ẹ lọ wá a lórí fóònù yín. Ẹ máa rí igi funfun náà níwájú, òkè aláwọ̀ àlùkò lẹ́yìn, ìka ẹlòmíràn ló yà á.

Ohun kan ló kù. Ní Ọsirélíà, ẹ̀tọ́ àdàkọ máa ń parí ní òpin àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú oníṣẹ́. Albert kú ní 1959. Bí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 2029 bá ti kọjá, ẹnikẹ́ni lè tẹ òkè wọ̀nyẹn sórí ife, sórí ṣẹ́ẹ̀tì, sórí ohun tó bá wù ú, láì san kọ́bọ̀ fún ilé Namatjira. Ọdún 34 ni ogún náà fi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọdún méjìlá àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.